Orin Tí Wọ́n Ní Kó Wọ Ojú Ìwé Kan

Mo lá àlá kan lánàá, ọ̀sán gangan ni mo sì lá a. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀bà ni mo jẹ. Ẹ má tíì ṣí ìwé orin tí mo pín fún yín. Mo fẹ́ sọ àlá yìí kí ìyá mi tó wọlé, torí ó ṣì wà níta níbi tó ti ń kí Ìyá Ìjọ, ẹ sì mọ̀ pé ìkíni àwọn méjèèjì kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tírẹ́bù tí ẹ ń kọ ohùn òkè, ẹ dákẹ́. Alàgbà Ògúnríndé, ọ̀gá akọrin wa, ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin náà wà nínú àlá ọ̀hún.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Orin ìkórè tuntun yìí, èmi ni mo ń fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́. Alàgbà ní dandan ni kí gbogbo rẹ̀ wọ ojú ìwé kan ṣoṣo, pé akọrin tó bá ń ṣí ìwé kiri lójú ìjọ, àbùkù ni. Mo gbà. Mo sọ àwọn nóòtì di kékeré, mo fún wọn pọ̀, mo fa ìlà súnmọ́ ìlà, mo gé etí ìwé síbí, mo gé e sọ́hùn-ún. Àmì tó wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ ń kọlu nóòtì, mo bá yọ gbogbo àmì kúrò. Ti ìsàlẹ̀ náà, mo yọ ọ́. Mo ní ṣebí ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa.

Ìyá mi wá ńkọ́? Ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a péjọ kẹ́yìn. Ẹ rí i tó gbé ìwé náà súnmọ́ imú, tó tún nà án jìnnà, tó wá ká a, tó ní òun ti mọ̀ ọ́n sórí. Orin tí a ò tíì kọ rí! Alàgbà sì ti sọ ọ́ kedere: ẹni tí kò bá lè ka ìwé lọ́jọ́ ìkórè, kó lọ jókòó sáàárín ìjọ. Ìyá mi rèé o, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláàtò nítorí ohùn kejì àwọn obìnrin tó ń kọ, tó jẹ́ pé inú aṣọ akọrin ni mo bá a nígbà tí mo lajú sáyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Síbẹ̀, mo padà sílé, mo tún sọ àwọn nóòtì di kékeré sí i, torí ìlà kan ṣì kù tó ń yọ sí ojú kejì. Ìdí ìlà yẹn ni mo wà tí oorun fi gbé mi lọ.

Nóòtì kan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ látinú kọ̀ǹpútà. Ó dúró sórí tábìlì, ó gbọn irù rẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń tẹ̀ mí nírù."

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù. Ojú ìwé kan ni wọ́n ní."

Ó ní, "A ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú mi lóyún, kò sì ráyè yí ara."

Mo yọjú wò ó, òótọ́ ni. Nóòtì ńlá tó ṣófo nínú ni. Mo bi í léèrè pé oyún oṣù mélòó ni. Ó ní oyún bíìtì mẹ́rin ni. Mo kí i pé ẹ kú ìpalẹ̀mọ́.

Bí mo ṣe ń kí i lọ́wọ́ ni ìwé náà lajú. Ojú kan ṣoṣo ló ní, láàárín iwájú orí. Ó ní, "Ta ló gé mi létí?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní èmi ni!"

Ó ní, "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, etí mi kò ju ìlà tín-ín-rín lọ mọ́. Ìyẹn náà kọ́ ló tiẹ̀ ká mi lára jù. Ojú kan tí ẹ fún mi yìí kò tó. Ẹ mú mi lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń pín ojú ìwé, kí wọ́n fún mi ní ojú kejì."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Mo wọ bàtà, mo ká a sí abíyá, a jáde.

Nígbà tí a fi máa dé ìta, àdúgbò wa ti di ìlà márùn-ún, irú èyí tí nóòtì ń jókòó lé. Orí ìlà kejì ni ilé wa wà. Mo ń rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí mo fi kan ọ̀pá kan tó dábùú ọ̀nà, irú èyí tí a fi ń pín orin sí báà, bíìtì mẹ́rin mẹ́rin. Ọ̀pá náà bi mí pé, "Ṣé ẹ ti pé mẹ́rin?" Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní òfin ni, kí n dúró de mẹ́ta yòókù. Mo dúró. Adìyẹ kan dé, garawa kan dé, Ìyá Ìjọ náà dé. A ti pé mẹ́rin nìyẹn. Ọ̀pá gbéra, a kọjá. Ìyá Ìjọ ṣì ń kí garawa náà nígbà tí mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó lókè táǹkì omi ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí. Ìlà títẹ̀ tí a fi ń so nóòtì méjì pọ̀ ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Ìkìrun. Mo gun ìlà náà bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Kílẹ́fù, àmì ńlá tó máa ń ká bí ìgbín níbẹ̀rẹ̀ ìlà, òun ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó wọ káàkì. Ó ní, "Ẹ ka ohun tí ẹ gbé wá."

Mo ka ìlà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin mọ bó ṣe yẹ kó jẹ́: Ọkọ̀ wa dé èbúté ayọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lórí ìwé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "oko wa de ebute ayo."

Kílẹ́fù ní, "Oko wo nínú wọn?"

Kí n tó dáhùn, gbogbo wọn ti tò sẹ́yìn mi. Oko tí à ń ro dé pẹ̀lú ebè àti koríko, ó kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ́ dé láìní èèkù. Ọkọ ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí dé pẹ̀lú àpò, ó ní wọ́n kọ ọ́ pé òun ti dé, ṣé oúnjẹ ti délẹ̀? Ọkọ̀ gan-an, tó lórin, ló gbẹ̀yìn, omi ń kán lára rẹ̀, àwọn èrò ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a mọ̀. Nígbà tí a bèèrè èbúté, wọ́n fi bàbá méjì hàn wá tí wọ́n ń ta ayò. Wọ́n ní kí a má dí àwọn lọ́wọ́, èbúté ayò ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Kílẹ́fù rò ó títí. Ó ní kí n máa wọlé ná, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún ọkọ. Mo rí i pé kò ṣe ojúsàájú.

Alàgbà, ẹ̀yin ni mo bá lórí àga nínú ilé. Ẹ mú rúlà dání, ẹ ń jẹ nǹkan kan lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ẹ ní, "Kí lo wá gbà?"

"Ojú kejì ni, sà."

"Fún ta?"

"Fún ìwé yìí, sà. Orin kò gba inú ojú kan."

Ẹ bọ́ awò ojú yín, ẹ nù ún, ẹ tún un wọ̀. Ẹ ní, "Èmi, ojú mélòó ni mo ní?"

"Méjì ni, sà."

"Ṣé ojú ni mo fi ń kọrin?"

Ìbéèrè náà lágbára.

Ẹ wá lu tábìlì. "Ojú kan ni mo wí! Ojú kan! Ojú ka... mẹ̀ẹ́ẹ́!" Bí ẹ ṣe di òbúkọ nìyẹn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Alàgbà fúnra wọn ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tiẹ̀ tètè fura, sà, torí irùngbọ̀n yín kò yí padà.

Òbúkọ náà ní kí n gbé ìwé wá, òun á fi ètò sí i. Ó kọ́kọ́ jẹ ìwọ̀nba etí tó kù. Bó bá ti fẹ́ jẹ nǹkan, kọ̀ǹpútà kan á sọ̀rọ̀ látorí àjà, á ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Òbúkọ á ní, "Ó dá mi lójú," á sì jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹsẹ kejì. Ó jẹ gbogbo àmì ìsinmi. Ó ní, "Ìsinmi wo? Ta ló rẹ̀?" Ó jẹ ìlà bésì, ó ní ariwo wọn jọ ti ẹ̀rọ ìlọta. Bésì, òbúkọ ló wí bẹ́ẹ̀ o, ẹ má wò mí.

Ó wá kan ìlà áàtò.

Ìlà náà dìde fúnra rẹ̀ látorí ìwé. Ó ti wé gèlè funfun. Ohùn ìyá mi ló fi sọ̀rọ̀, ó ní, "Àdìgún, ṣé èmi náà máa kúrò ni?"

Òbúkọ ní, "Ta ló ń gbọ́ áàtò? Ojú tó máa bá ni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin. Tìẹ ti ṣepin."

Kọ̀ǹpútà tó wà lórí àjà kò bi òbúkọ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ló bi. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo ya ẹnu, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti di kékeré bíi ti àwọn nóòtì, ohun tó jáde níbẹ̀ kò ju "n-n" lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ohùn ni à ń gbọ́ nínú "n-n" kí a tó mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi tí mo yọ gbogbo àmì ohùn kúrò, ibo ni mo ti fẹ́ rí ọ̀kan lò? Òbúkọ àti kọ̀ǹpútà wo ojú ara wọn, wọ́n kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sílẹ̀.

Ìlà áàtò náà kò bínú. Ó ní kò burú, ọmọ mi. Ó ká ara rẹ̀ bí ẹni ká aṣọ, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n sórí, ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Ọ́fíìsì ọ̀hún ga. Mo fetí sílẹ̀ títí, mi ò gbọ́ ibi tó balẹ̀ sí. Gbogbo ohun tó kù nínú àlá yẹn kò ṣe mí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìyẹn dùn mí, mo sì sunkún níbẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa nu ojú, ìwé náà ti funfun báláú. Àwọn òṣìṣẹ́ wọlé wá wò ó. Ọkọ yẹn náà wá, ó ń nu ọwọ́ ọbẹ̀. Òbúkọ ní, "Ẹ wo orin! Kò sí nóòtì tó ń tẹ ẹnìkejì nírù. Kò sí ọ̀rọ̀ tó kọlu ìlà. Ó wọ ojú kan!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí a kọ ọ́, a sì kọ ọ́. Ó parọ́rọ́. Tẹ́nọ̀ nìkan ló tún ṣì í kọ.

Ìwé náà fi ojú kan rẹ̀ wò mí. Ó pa á dé.

Mo jí. Bọ́tìnì kọ̀ǹpútà ti sàmì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ìyá mi dúró lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ó ti mú ọ̀kan nínú ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde, ó gbé e sókè níwájú rẹ̀ bí a ṣe ń gbé e lọ́jọ́ ìsìn, ó ń kun orin lábẹ́lẹ̀, ó sì ń fi ìka lu bíìtì sára itan.

Ó rí i pé mo ti lajú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àdìgún, o ṣeun, ọmọ mi. Ti òní yìí mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí wúruwùru nínú rẹ̀ mọ́, ó hàn sí mi dáadáa. Ó ti wọ ojú kan tí Alàgbà ń wí, àbí?"

Mo wò ó. Gbogbo nóòtì ló kọjú sí mi. Ẹ̀yìn ìwé, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ló wà níwájú ìyá mi.

Mo dìde, mo rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Rárá, Màámi. Ó ku ojú kan."