Ètò Tó Wà fún Àwọn Tó Wà Nílé Nìkan

Tauno Karppinen máa ń rí àáké náà kó tó gbọ́ ọ. Urho ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dúró láàárín adágún tó ti dì, á gbé àáké sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀. Apá Urho á ti tún máa gòkè kí ìró tàkọ́kọ́ tó rìn lórí yìnyín dé etí bèbè, níbi tí àbúrò dúró sí pẹ̀lú garawa méjì: kàì! Ìró gbígbẹ ni, bí ìgbà tí ajá bá fi eyín fọ́ egungun. Omi ìwẹ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tauno nígbà náà. Urho ti pé méjìlá, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà abúlé wọn, ìyẹn ni pé kì í sọ̀rọ̀.

Tauno ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí, ní Göteborg, lórí àjà kẹta ilé kan tí kò ní adágún kankan nítòsí. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó kúrò ní Finland wọ Sweden, bí gbogbo ọ̀dọ́ ìgbà náà ti ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ igbó tán nílé. Ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ọdún mẹ́tàdínlógójì ló sì fi ń yẹ ilẹ̀kùn ọkọ̀ wò. Ó fẹ́yàwó, ìyàwó kú. Kò sẹ́ni tó tún ń pè é ní orúkọ bí wọ́n ti ń pè é nílé, àfi àwọn ẹgbẹ́ ará Finland tí wọ́n jọ ń mu kọfí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló wà láàárín òun àti Urho, ọ̀rọ̀ náà sì ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí bàbá wọn kú, ilé àti oko bọ́ sọ́wọ́ Urho tó dúró ti bàbá. Etí omi bọ́ sọ́wọ́ Tauno, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ onígi tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Tauno tà á fún ọkùnrin kan láti Helsinki. Kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin ará Helsinki náà ṣe ọgbà yí i ká, ó sì fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, Urho ń rí omi láti ojú fèrèsé rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà tó lè gbà débẹ̀. Kò pariwo, kò kọ lẹ́tà. Káàdì Kérésìmesì ló kàn dáwọ́ dúró. Tauno náà ò sì béèrè ìdí, nítorí ó mọ̀ ọ́n.

Ní àárín oṣù kẹta, Irja ìyàwó Urho pè é lórí fóònù.

“Tauno, wọ́n fi Urho hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lánàá.”

“Urho wo?”

“Urho mélòó lo ní? Àwọn kan wá ya fíìmù nípa abúlé tó ń ṣófo. Wọ́n gbé e jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀. Tauno, ó sọ̀rọ̀ o. Mo ti fẹ́ ẹ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mi ò gbọ́ ọ kó sọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dárúkọ rẹ.”

“Kí ló sọ?”

“Wò ó fúnra rẹ. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ọ. Ó ní, ‘Bó bá fẹ́ mọ̀, á wò ó.’”

“Ara rẹ̀ ńkọ́?”

“Ọkàn rẹ̀ ni. Dókítà ní kó má gun àkàbà mọ́. Orí àkàbà ló wà bí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.”

Tauno gbé fóònù sílẹ̀, ó sì jókòó pẹ́. Ó ti pinnu kó tó dìde. Bó bá jẹ́ pé Urho sọ ohun tó dára, òun á di ẹrù, òun á lọ. Bó bá jẹ́ pé ó sọ òdìkejì, òun á dúró síbi tí òun wà, nítorí kò sí àgbàlagbà tó máa rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì mọ́ ọn níṣojú gbogbo ìlú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ lòun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́.

Ó ṣí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n náà. Àwòrán Urho wà níbẹ̀, ó wọ fìlà onírun, ojú rẹ̀ ti wọnú. Tauno tẹ̀ ẹ́. Ojú ìkànnì di dúdú, lẹ́tà funfun sì jáde: *Ètò yìí wà fún àwọn tó wà ní Finland nìkan.* Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà kékeré, wọ́n kọ ọ́ pé ètò náà á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ku ọgbọ̀n ọjọ́.

“VPN lo nílò,” ni Kerttu Moilanen wí fún un lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, nídìí kọfí wọn. Opó ni Kerttu, ó ti se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn fún ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ ibẹ̀ lọ. “Ibí lo máa jókòó sí, ẹ̀rọ á máa sọ fún wọn pé Helsinki lo wà. Òun ni mo fi ń wo gbogbo eré mi.”

“Irọ́ nìyẹn.”

“Irọ́ ni o. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lo ti fi ń sọ fún àwọn ará Sweden pé inú ẹ dùn síbí. Ta ló mú ẹ?” Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Kerttu ti àwo pulla, búrẹ́dì aládùn ilẹ̀ Finland, síwájú rẹ̀. “Jẹun. Ìkan tí mò ń lò dáa. Jẹ́ kí n bá ẹ gbé e sórí fóònù ẹ nísinsìnyí.”

“Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Mo mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ọkọ̀ o, Tauno.”

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún mẹ́tàdínlógójì wá àbùkù kò mọ bí wọ́n ti ń gba nǹkan láì wá àbùkù inú rẹ̀. Tauno ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Èyí tó kọ́kọ́ gbìyànjú jẹ́ ọ̀fẹ́: ó lè gbé èèyàn lọ sí Amẹ́ríkà, ó lè gbé e lọ sí Singapore, ṣùgbọ́n kò mọ Finland rí. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀ kó tó yọ ọ́ kúrò. Ìkejì náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ní àsíá Finland níbẹ̀, funfun pẹ̀lú àgbélébùú aláwọ̀ búlúù. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ojú ìkànnì tún di dúdú, lẹ́tà funfun kan náà tún jáde. Àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n ti mọ ojú ẹ̀rọ yẹn, bí aṣọ́bodè ti í mọ ojú onífàyàwọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lọ sórí ìyẹn.

Ìkẹta ni Kerttu ń lò. Tauno fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, ó fẹ́ mọ ìlú tí wọ́n wà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ ibi tí èèyàn ń lọ sílẹ̀. Ó kọ̀wé sí wọn. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Olivia dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan pé ìbéèrè tó dára gan-an ni, kò sì dáhùn ìbéèrè náà. Tauno tún kọ. Inú Olivia tún dùn sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe fún ọjọ́ mẹ́fà, títí ó fi mọ̀ pé orí erékùṣù kan tóun ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, ìyẹn náà sì tún di ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ wádìí.

Láàárín ìyẹn, Irja fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: *Ṣé o ti wò ó?*

Ó dá a lóhùn pé: *Mo ṣì ń bá a lọ.*

Irja kọ̀wé padà: *Ó ń béèrè.*

Tauno ka ọ̀rọ̀ yẹn títí, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láì fèsì, ó sì padà sórí lẹ́tà tó ń kọ sí Olivia.

“Ṣé o ti wò ó?” ni Kerttu náà bi í lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹrin.

“Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Tauno, gbọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ojú omi ń kúrò ní Stockholm. Wọ̀ ọ́. Sọ̀ ní Turku. Jókòó sórí bẹ́ńṣì ní èbúté, ṣí fóònù ẹ, wo ètò ẹ. Finland ni wàá wà lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa parọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

“Mi ò fẹ́ wọ Finland kí n tó mọ ohun tó sọ.”

“Ẹ gbọ́ ọkùnrin yìí! Ò ń wá ẹ̀rọ tó máa purọ́ pé o wà nílé, bẹ́ẹ̀ ilé gan-an ò ju ọ̀sán kan àti òru kan lọ.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Kerttu rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni.”

“Nǹkan tí a ò yẹ̀ wò ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èèyàn.”

Lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí Kerttu gbé e sórí fóònù. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Òfin kan wà ní ẹ̀ka tí Tauno ti ṣiṣẹ́: irinṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan ilẹ̀kùn gidi títí wọn ó fi dán an wò lára ilẹ̀kùn àlòkù mẹ́ta, láàárọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta. Tauno ló kọ òfin náà. Ó fi ẹ̀rọ náà wo eré ìje orí yìnyín. Ó ṣiṣẹ́. Ó fún un ní ọjọ́ méjì kó sinmi, ó tún fi wo ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oulu. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán dúró lẹ́ẹ̀kan láàárín orin, ó sì kọ ìyẹn sílẹ̀. Nígbà kẹta ó wo ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: yìnyín ṣì wà lórí àwọn adágún ìlà oòrùn. Kò dúró rárá. Òní di ọjọ́ kẹtàdínlógún, kò sì sí ilẹ̀kùn àlòkù mọ́ láyé tó lè dán an wò lára rẹ̀.

Ó fárùngbọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ sìnkú ìyàwó rẹ̀. Ó se kọfí sínú ife méjì, ó wo èkejì, ó dà á nù. Agogo mẹ́fà ni ètò náà máa kúrò, ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n péré ló sì jẹ́. Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló jókòó, ó tan ẹ̀rọ, ó rí àsíá Finland, ó tẹ àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

*Ètò yìí kò sí mọ́.*

Ó tún un tẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀: márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Nígbà náà ló gbójú sókè wo ògiri níbi tí kò sí nǹkan kan, ó sì rántí. Wákàtí kan ni Finland fi ṣáájú Sweden. Ó mọ̀ ọ́n, ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wọn? Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pe ilé ló ti ń ṣírò rẹ̀ láti ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀rọ náà ti gbé e dé Finland láìsí àbùkù. Aago ọwọ́ rẹ̀ ni kò bá a lọ.

Ó pe Irja. Fóònù dún pẹ́ kó tó gbé e. Ariwo kẹ̀kẹ́ aláìsàn wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ibo lo wà?”

“Kajaani, ní ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.” Ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí ilẹ̀ tí òjò ti nà. “Orí Urho ni wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dí. Kò dá wa mọ̀, Tauno. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.”

“Kí ló dé tí o ò pè mí?”

“Kí n pè ọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Mo rò pé o ti wò ó, tí ohun tó sọ ò wù ọ́.” Ó mí. “Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ó ní, ‘Ó ti wò ó.’ Kò tún sọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀ mọ́.”

“Mi ò wò ó, Irja. Mi ò tíì rí i. Ẹ̀rọ ni mò ń wá.”

Nọ́ọ̀sì kan bá Irja sọ nǹkan kan, Irja ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí ló sọ?” ni Tauno béèrè. “Mo bẹ̀ ọ́. Kí ni Urho sọ nípa mi?”

“Ó ní kí n má sọ ọ́. Mo sì ṣèlérí fún un.”

“Irja.”

“Òun nìkan ló lè tú mi sílẹ̀ nínú ẹ̀, Tauno, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.” Ó sunkún díẹ̀, ó dáwọ́ dúró. “Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi níbí. Mò ń gba iná sí i lójoojúmọ́. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń ṣe é.”

Lẹ́yìn tí Irja gbé fóònù sílẹ̀, Tauno jókòó pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn títí kọfí fi tutù. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí nọ́ńbà Urho, ó gùn, ó ń ṣàlàyé nípa Olivia, nípa àsíá, nípa wákàtí kan. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó kọ òmíràn tó ń béèrè ohun tí Urho sọ. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Èyí tó kọ lẹ́yìn náà kò kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ̀ ẹ́ wò rárá, ó kàn fi ránṣẹ́:

*Ẹ̀gbọ́n, èmi Tauno ni. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ tí mo dákẹ́. Mo ta etí omi láì bi yín, mo sì mọ̀ pé kò dára lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i. Ohun yòówù kí ẹ ti sọ, ẹ̀yin lẹ jàre.*