Iyanrìn Ibojì Abọ́dúndé

"Aago mélòó ni kí n máa jáde níbẹ̀?"

"Ta ni yóò máa dúró dè ọ́ níta?"

"Ṣé oòrùn wọn le tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ ni?"

"Ṣé o ti fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò kúrò lórí iná rí?"

"Bàbá, ibo ni ẹ sin bàbá mi sí?"

"Ṣé o ti mu omi láti àárọ̀?"

Cécile mu omi tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì gbé igbá náà kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ó gun alùpùpù láti Ikpinlè wá sí Oko-Akarè, sọ́dọ̀ Félicien, ẹni tí ó fi ọdún méjì ṣe alásè fún òyìnbó kan tí ń wá epo rọ̀bì ní Kùwéètì. Ní ọdún 1961 ni òun àti Abọ́dúndé, bàbá Cécile, jọ lọ; Abọ́dúndé ni ó ń tọ́jú ọgbà òyìnbó kan náà. Ní ọdún 1963, Félicien nìkan ni ó padà. Ó ní ibà ni ó pa ọ̀rẹ́ òun. Ó tú aṣọ funfun kan sílẹ̀, irun orí àti èékánná ni ó wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ó bá kú sí ìdálẹ̀, kí ilé lè rí nǹkan sin. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé ní Ikpinlè pẹ̀lú gbogbo ètò tí ó yẹ ọkùnrin. Ẹfúnwùmí, ìyàwó rẹ̀, ṣe opó tirẹ̀ pé.

Ọdún 1971 ni a wà yìí. Ìyàwó ọ̀gá tí Cécile ń bá tẹ ìwé ní Kùtọnu fẹ́ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Kùwéètì, kò sì fẹ́ dá lọ; wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún Cécile. Ẹfúnwùmí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, bẹ ọmọ rẹ̀ ní ohun kan ṣoṣo: kí ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan wá láti orí ibojì ọkọ òun, kí wọ́n dà á sí ojú oórì ti ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n tó gbẹ́ ti òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lórí gbogbo nǹkan yòókù, ẹnu Félicien kò wúwo. Bí ó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ ni ó ń ka ìmọ̀ràn. Ó ní kí Cécile má dúró de òùngbẹ kí ó tó mu omi, nítorí pé òùngbẹ ibẹ̀ a máa pẹ́ dé, nígbà tí ó bá sì dé, ó ti bá orí jà tán. Kí ó wọ aṣọ fẹ́lẹ́ tí ó bo apá àti orúnkún, nítorí oòrùn àti nítorí ojú àwọn onílé. Kí ó mú súwẹ́tà kan dání, nítorí pé ẹ̀rọ ń fẹ́ ọyẹ́ sínú ilé wọn. Kí ó má fi ọwọ́ lásán kan irin ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọjà wọn, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni kí ó máa lọ. Ọ̀sán, rárá. Cécile ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kayé kékeré kan.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dárúkọ ibojì, ọ̀bẹ yóò dúró. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Félicien ní òun ti gbàgbé. Ní ìgbà kejì, ó ní wọ́n ti la ọ̀nà gba orí itẹ́ òkú náà. Lónìí, ó ní Kristẹni kì í bọ iyanrìn. Cécile bi í pé ta wá ni ó ru irun òkú kọjá òkun, ṣé kì í ṣe Kristẹni ni.

"Ẹ kò sì jẹ oúnjẹ ìrántí rẹ̀ rí," ni Cécile wí. "Ọdọọdún ni ìyá mi ń bu tiyín sọ́tọ̀. Ajá ni ó ń jẹ ẹ́."

"Ó dára tí ẹnìkan ń yó níbẹ̀."

Cécile wá gbìyànjú láti mú àánú ṣe é. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni òun nígbà tí wọ́n tú aṣọ funfun náà, òun sì rí ewú nínú irun náà, bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun kò ní ẹyọ ewú kan nígbà tí ó ń lọ. Ìyá òun ní ìyà ìdálẹ̀ ni ó hu ewú náà. Nítorí rẹ̀ ni ẹkún ọjọ́ náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Félicien fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. Orí náà ń dán. Láti ìgbà tí ó ti dé ni ó ti ń fá a, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fá a, inú iná ni ó sì ń da irun rẹ̀ sí. Ó tún mú ọ̀bẹ, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ.

Cécile pa kayé náà dé.

"Kò burú. Èmi fúnra mi ni yóò wá a. Ìyàwó ọ̀gá mi a máa sùn ní ọ̀sán. Ìgbà náà ni n ó máa jáde, láti itẹ́ òkú kan dé òmíràn."

"Mo ti ní kí o má jáde ní ọ̀sán."

"Ẹ ti sọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní tẹ̀lé e."

Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Félicien tó pè é, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Iyọ̀ ni mo rán bàbá rẹ lọ rà."

Cécile yíjú padà.

"Iyọ̀ wà nílé. A ti jà ní àárọ̀ lórí ẹni tí yóò fọ ìkòkò, mo sì fẹ́ kí oòrùn bá mi nà án díẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ó gba ẹ̀yìn ìlú, níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, kí ó lè tètè dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi wá a. A kò rí bàtà rẹ̀, áḿbọ̀sì òun fúnra rẹ̀."

"Irun tí ẹ gbé wá ńkọ́?"

Félicien wo ẹ̀gẹ́ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Cécile tún bi í. Ó bi í ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

"N kò lè fi ọwọ́ lásán wọ Ikpinlè," ni ó wí. "Irun mi ni. Èékánná mi ni. Èmi ni ẹ sin sí ẹ̀yìn ilé yín, ẹ̀gbẹ́ mi sì ni ìyá rẹ fẹ́ sùn sí."