Omi Orí Ọ̀rá

Pàá! Àtẹ́lẹwọ́ wolé-wolé balẹ̀ sí apá ọmọ rẹ̀ obìnrin, tíì inú ife sì dà sórí tábìlì.

"Mọ́mì! Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ̀fọn ni mo pa." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé kó lè rí i dáadáa. Òun náà ni: ẹ̀fọn ẹlẹ́sẹ̀ abilà, èyí tí kì í dúró de òru kó tó jẹun. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀. "Olè ti jalè tán kọ́wọ́ tó tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi àkísà nu tábìlì, ikùn rẹ̀ sì ń ti àwo sẹ́yìn.

Oyún oṣù mẹ́jọ ni. Inú ọkọ̀ òkun ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì di oṣù tó ń bọ̀ kó tó dé, ló bá wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti wá bímọ. Ìyá fún un ní yàrá tó dára jù nínú ilé, èyí tó ní fèrèsé ńlá tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ohun gbogbo ì bá dùn bí kì í bá ṣe ti ibà tó gba gbogbo àdúgbò. Má-dìde ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá mú, ó di ọjọ́ mẹ́ta kó tó lè dìde lórí ẹní. Ilé mọ́kànlélógójì ló wà ládùúgbò, ó sì ti wọ mẹ́rìnlá. Dókítà sọ ọ́ gbangba ní ìpàdé: "Ọ̀pọ̀ yín máa rọ́jú, ó sì máa lọ. Aboyún ni kí ẹ ṣọ́. Bó bá pẹ́ lára aboyún ká tó mọ̀, ìyá àtọmọ ló wà nínú ewu." Wolé-wolé dìde ní ìpàdé yẹn, ó sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ayé pé Má-dìde kan kò lè gba ẹnu ọ̀nà òun wọlé láéláé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò sùn àsùnwọra mọ́.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé tọ́ọ̀ṣì àti ìgbákọ funfun ọlọ́wọ́ gígùn káàkiri, tó ń bu omi inú dúróòmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tíntìntín tó máa ń jó yípo nínú omi. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ. Bí ọ̀gá ọ́fíìsì bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ ṣeun, sà," á sì lọ ṣe é bó ṣe yé òun. Nígbà tí Má-dìde bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì kó ọ̀rá dúdú ńlá ńlá fún un pé kó pín in fún àwọn onílé, kí wọ́n fi bo dúróòmù omi wọn, kí wọ́n sì fà á le gírígírí. Wolé-wolé gbọ́, ó mirí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rá àwọn tó fà á le ya láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sí òmíràn. Nítorí náà, bó ṣe ń wọlé ló ń kéde: "Ẹ má fà á le o! Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀, kó má baà ya!" Ogójì ilé gbọ́ràn.

Ẹnì kan ló kọ̀. Bàbá onígbàjámọ̀ ni, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Mi-ò-gbà. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wojú ọ̀run bóyá àárọ̀ ni lóòótọ́. Ó ní òun ò fẹ́ ọ̀rá. Wolé-wolé kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, lónìí sì rèé, ìwé ìpè bàbá ti wà nínú báàgì rẹ̀: kó wá sọ tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Kí wolé-wolé tó dé ilé àkọ́kọ́, ẹnì kan ti fi ṣíbí lu ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ọgbà, ilé kejì sì dá a lóhùn. Ó mọ ìró yẹn dáadáa. Ó gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Ibi gbogbo tó dé ni wọ́n ti gbá mọ́ féfé. Á gbé etí ọ̀rá sókè, á bu omi, kò ní í rí nǹkan kan, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Ó mọ́" sára ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ lọ́rùn.

"Ibo lẹ ti ń wá gan-an?" ló bi àwọn ẹ̀fọn náà. Wọn ò dá a lóhùn.

Bàbá onígbàjámọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dé. Káfíńtà kan jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ìdajì orí ti dán, ìdajì kò tíì.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀. Ìwé lo mú wá àbí ọ̀rá?"

"Ìwé ni, sà."

"Mi ò gbà á."

"Ẹ ò tíì kà á, sà."

"Bí mo bá kà á, mo ti gbà á nìyẹn. Lọ bu omi mi wò ná."

Dúróòmù bàbá wà gbayawu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò ní ọmọrí, kò ní ọ̀rá. Wolé-wolé ti ń múra láti kígbe kó tó débẹ̀. Ó bu omi lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ́ gaara. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹja kékeré kan wà nínú ìgbákọ. Ẹja náà wò ó, ó fò padà sómi.

"Ẹja!"

"Mẹ́fà ni wọ́n. Wọn kì í jẹ́ kí tanwíjí dàgbà." Bàbá nu abẹ sára aṣọ. "Wolé-wolé, ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọ tí o ń gbé etí ọ̀rá sókè, tí o ń yọjú sábẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló wà lórí rẹ̀?"

"Káfíńtà, dìde fún un."

Káfíńtà dìde, ó fi ọwọ́ bo ìdajì orí. Wolé-wolé gun àpótí, ó sì yọjú sí ẹ̀yìnkùlé aránṣọ tó wà lódìkejì ọgbà. Ó rí dúróòmù tí òun fúnra rẹ̀ kọ "Ó mọ́" fún níjẹta. Ọ̀rá orí rẹ̀ ti dẹ̀, ó ti tẹ̀ wọnú bí abọ́, omi òjò sì dúró sínú rẹ̀ lẹ́rọ̀. Ó na ìgbákọ kọjá orí ọgbà, ó bù ú, ó gbé e wá sí iwájú ojú.

Kò ṣeé kà. Wọ́n ń jó, wọ́n ń yí, wọ́n ń gorí ara wọn, ẹni tó bá rí wọn á rò pé wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó.

"Yéè! Mo gbé!"

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ta ló tiẹ̀ ní ká má fà á le?" ni káfíńtà béèrè, láìro ibi.

Bàbá onígbàjámọ̀ ń wo abẹ ọwọ́ rẹ̀, kò ní òun gbà, kò ní òun ò gbà.

Lójijì ni wolé-wolé rántí ilé ara rẹ̀. Dúróòmù méjì ló wà lábẹ́ fèrèsé ńlá yẹn, fèrèsé ọmọ rẹ̀! Àwọn ló kọ́kọ́ fi ọ̀rá bò, kí gbogbo àdúgbò lè wá wò ó kọ́ṣẹ́. Ó fò sílẹ̀, ó sáré. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, pẹ̀lú bàtà òjò, ó ń sáré! Ìkòkò dún lọ́tùn-ún lósì, wọ́n rò pé nǹkan ńlá dé. Nígbà tó délé, ó wo orí ọ̀rá méjèèjì, tanwíjí ló kún ibẹ̀, ó sì dijú. Ó da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ abẹ́ àtíbàbà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀rá le, ó fi okùn dè é. Kọ́tìnnì bo fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ ń sùn. Kò jí i.

Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń ronú. Bàbá onígbàjámọ̀ àti káfíńtà nìkan ló mọ̀. Kí ló burú bí òun bá kàn lọ láti ilé dé ilé pé ọ́fíìsì ti yí ọ̀rọ̀ padà, pé ẹ fà á le báyìí? Ta ló máa béèrè? Ó dán an wò lẹ́nu lọ́nà: "Ọ́fíìsì ní kí... ọ́fíìsì sọ pé..." Ó dùn létí.

Ilé aránṣọ ló kọ́kọ́ yà. Ọkọ aránṣọ wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Má-dìde ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ pọ́n. Aránṣọ kúnlẹ̀ kí i.

"Mọ́mì, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rá yín. Ì bá burú ju báyìí lọ."

Wolé-wolé pa ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì tì.

"Dìde, ọmọ mi. Má dúpẹ́." Ó gbé báàgì kalẹ̀. "Èmi ni. Èmi ni mo ní kí ẹ má fà á le. Ọ́fíìsì ní kí ẹ fà á le, mo ní mo mọ̀ jù wọ́n lọ. Omi òjò ló dúró sórí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ. Èmi ni mo ń sin ẹ̀fọn ládùúgbò yìí bí ẹni tó ń sin adìẹ. Ẹ má bínú."

Ohùn kan wá láti orí ẹní.

"Ṣé wolé-wolé náà máa ń ṣàṣìṣe ni? Ìyàwó mi, gbé mi dìde kí n rí i."

Aránṣọ fẹ́ gbé e dìde lóòótọ́, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó fi ìbòrí nu ojú. Lẹ́yìn náà, ó wo ilẹ̀, ó ń fọwọ́ yí etí aṣọ.

"Mọ́mì... ẹ wá wo ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ẹ má pariwo mọ́ mi o."

Agbada omi mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó fi ń rẹ aṣọ. Bí ìkòkò bá ti dún pé wolé-wolé ń bọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń fi pákó bò ó, wọ́n á sì to igi ìdáná sórí rẹ̀. Ọdún mélòó? Ọdún mẹ́fà.

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ilé tó bá dé, á jẹ́wọ́, wọ́n á la ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n bú u díẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ìyá kan bú u débi pé ó mí kanlẹ̀, ó gbé àga fún un, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní, "Ó dáa, ẹ wá." Táyà lórí òrùlé. Fìríìjì tó ti kú láti ọdún kẹta, omi kún inú rẹ̀ bámú. Bàbá onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ti dé pẹ̀lú káfíńtà, orí ti parí, wọ́n ń bá wọn da omi nù, wọ́n ń bá wọn fa ọ̀rá. Wolé-wolé yọ ìwé ìpè, ó ya á sí méjì.

"Ìyẹn, mo gbà," ni bàbá wí.

Omi tí wọ́n dà nù kí oòrùn tó rọ̀ ju èyí tí wolé-wolé rí ní ọdún mọ́kànlá lọ. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ló ń sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ìròyìn ti ṣáájú ìyá délé.

"Mọ́mì, wọ́n ní ẹ ń tọrọ àforíjì kiri! Ẹ̀yin!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró, omi ojú kò dáwọ́ dúró. Ó la ọwọ́. Oògùn orí fífọ́ méjì ló wà níbẹ̀, irú èyí tó lágbára. "Ara mi ti ń gbóná láti àná, Mọ́mì. Gbogbo oríkèé ló ń ro mí. Mo ti fẹ́ gbé e mì báyìí."

Wolé-wolé gba oògùn, ó fi aṣọ wé e léjìká, káfíńtà sì fi ọkọ̀ ìkẹ́rù rẹ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

"Àná ọ̀sán."

"Ẹ tètè dé. Ó lo oògùn kankan?" Wolé-wolé fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn án. Ojú nọ́ọ̀sì yí padà. "Ọpẹ́ ni pé kò lo eléyìí. Nínú ibà yìí, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà." Ó gbé ẹ̀rọ lé ikùn, ọkàn ọmọ inú sì ń sáré kì-kì-kì-kì. "Ẹ gbọ́? Ara ẹni yìí le, kò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà níbí. Ẹ máa bá wa sùn fún ọjọ́ méjì, a máa fi omi sí i lára, a ó máa ṣọ́ ọ."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, wolé-wolé jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti àná?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo ayé pé Má-dìde ò lè wọ ilé yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún yín pé ó ti wọlé?"

"Ká ní mi ò jẹ́wọ́ lónìí ńkọ́?"

Ọmọ náà wo omi tó ń kán nínú rọ́bà tíntín. "Màá ti gbé oògùn yẹn mì, màá sì ti sùn."

Ní ọ̀nà jíjìn, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ló tún wà tí o kò sọ fún mi?" ni wolé-wolé béèrè níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó pọ̀ díẹ̀ o, Mọ́mì. Ẹ fa àga yín sún mọ́bí."