Àgò Mẹ́ta Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Orúkọ

Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Ìlá ń wúkọ́. Bó ṣe máa ń wúkọ́ nìyẹn kí omi tó yọ, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì mi nílùú òyìnbó ló wà báyìí, orúkọ èèyàn ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé korobá sí i. Orúkọ àwọn tó ń lo oògùn ọkàn ni. Lọ́rì tó fẹ́ kó oògùn náà lọ dúró níta. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú korobá, oògùn tirẹ̀ kò ní bá ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀rọ gbẹ. Orúkọ Mojíbọ́lá, àbúrò mi, kò tíì yọ.

Mo tọ ọ̀pá omi náà lọ. Ó gba inú ògiri, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi, ó wọ abẹ́ ilẹ̀kùn kan lọ. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wọ́n ń kó orúkọ sí. Mo kanlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún kàn án lójú ẹsẹ̀, mo tún kàn án. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kàn án, èmi mìíràn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. A tó ọgọ́ta, gbogbo wa wọ súwẹ́tà kan náà. Ilẹ̀kùn ń nípọn sí i.

"Ṣé ilé ń jó ni?" Ìyá Ọmọ́yẹni ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóbìnrin tó ti kú tipẹ́. Inú pákó ilẹ̀kùn lohùn rẹ̀ ti wá. "Ládàpọ̀, wọn kì í kágò nílùú òyìnbó ni? Bí mo bá dìde láti dá ọ̀kan lóhùn, òmíràn á ti kígbe. Mo tún jókòó."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"N ò bínú. Ẹ ti pọ̀ jù ni."

Mo ké àgò kan. Mo jókòó bẹ iṣu kan kí n tó tún ké òmíràn. Kò sí ìdáhùn. Mo ké ìkejì, mo bẹ iṣu méjì. Àwọn èmi yòókù náà ń bẹ tiwọn, ṣùgbọ́n iṣu wa kò tóbi bákan náà. Ẹni tó bá bẹ tirẹ̀ tán á dìde, á gba ilé lọ.

"Bàbá, oògùn kì í ṣe iṣu o!" awakọ̀ lọ́rì pariwo sí mi láti ìta.

Mo bẹ méjèèjì tán. Ó wá ku èmi nìkan. Bí ìkẹta bá já sófo, ńṣe lèèyàn ń padà sílé. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mo ké e.

"Àgò yà," Ìyá Ọmọ́yẹni dáhùn.

Orúkọ Mojíbọ́lá yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ìyá ní, "Ó ti wà lọ́wọ́ mi látàárọ̀. Ìwọ ni o ò jẹ́ kí n ráyè gbé e fún ọ."

Mo gbé orúkọ náà sínú korobá. Awakọ̀ gbà á, ó wa lọ́rì gba inú ògiri kọjá. Mo mú fóònù, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́:

"Mojí, oògùn rẹ ti gbéra. Jẹun kó o tó lò ó."