Ilẹ̀ Tí Bàbá Gàfárù Yàn

Ilẹ̀ tó tẹ́jú jù lọ nínú agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà kò tóbi. Ó wà láàárín ògiri yàrá Bàbá Gàfárù àti sàréè ìyá wọn tí a fi sìmẹ́ǹtì bò. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá bọ́ọ̀lù gbá láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí àwọn tó ń lọ sí Ọjà'ba tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ náà ni Bàbá yàn pé kí a sin àwọn sí. Gbogbo ilé ló mọ̀, nítorí kò sí àlejò tí wọn kì í fi ibẹ̀ hàn.

Bàbá Gàfárù ni àbúrò bàbá bàbá mi, àwọn sì ni àgbà tó kù ní ilé wa. N kò lè sọ ọjọ́ orí wọn ní pàtó. Àwọn kan ní ó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn kan ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn. Èmi ni mo ń gbé omi àlùwàlá wá, èmi ni mo sì ń gbé wọn jókòó sẹ́nu fèrèsé.

Láti ojú fèrèsé yẹn ni wọ́n ti máa ń yọ mí lẹ́nu.

"Mujeebat, rọra o. Orí òrùlé mi lò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn."

"Bàbá, ẹ ò tíì kó wọlé, ẹ ti ń lé ayálégbé."

"Ayálégbé tí kì í sanwó!" Wọn a wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gbé wọn.

Kóòṣì Ògoolúwa, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ àwa obìnrin ní Pópó Yemọja, ló sọ ọ̀rọ̀ tó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbá bọ́ọ̀lù. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ló ti sọ ọ́. Ó ní, "Mujeebat, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ń pariwo, ti òsì yadi. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti mọ ibi tó o máa gbà kó o tó gbéra." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ńlá kan ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n fẹ́ wá yan àwọn tí wọn yóò mú lọ, ní pápá kan lápá Agodi. Wọn kò ní mú ẹni tó bá ti kọjá ogún ọdún. Ogún ọdún náà ni mo wà. Bí n kò bá rí i ṣe lọ́dún yìí, kò sí òmíràn fún mi.

Nítorí náà mo fi ẹfun sàmì sí ara ògiri, mo to àwọn agolo mílíìkì tí mo rọ iyanrìn kún sílẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ fún ìrìn nìkan. Òsì ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, òsì ni mo fi ń gbà á, òsì náà ni mo fi ń wọ́ ọ gba àárín agolo. Níbẹ̀rẹ̀, inú garawa ìyá mi ni bọ́ọ̀lù máa ń já sí. Bàbá a ní, "Ó tún ti lọ kí ìyá rẹ." Nígbà tó yá, mo rí i pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, tí n kò sì yára gbójú sókè, òsì a jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an.

Àárín ìgbà náà ni àìsàn Bàbá le sí i. Mo ń gbàdúrà kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí. N kò lè sọ pé nítorí tiwọn nìkan ni.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá fún yíyan àwọn agbábọ́ọ̀lù pé. Mo jáde láàárọ̀ láti mú ẹsẹ̀ gbóná díẹ̀. Fèrèsé Bàbá ṣí sílẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀, mo rò pé wọ́n ti padà sùn lẹ́yìn ìrun. Ẹsẹ̀ òsì mi kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù ń ba àmì, ó ń padà wá, ó tún ń bà á. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé tọ Bàbá lọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe ìyá mi.

Bọ̀ọ̀dá Misbaudeen, tó ń darí ilé, ránṣẹ́ pe áfà. Wọ́n fi fóònù pe Bọ̀ọ̀dá Muhydeen, àkọ́bí Bàbá, ní Ṣakí. Ó ń sunkún, ó ní kí a jọ̀ọ́, kí a dúró de òun. Àwọn ọkùnrin ilé ti mú ọkọ́ àti dígà.

"Ta ló ni agolo wọ̀nyí?" ni ọ̀kan nínú wọn bi.

"Èmi ni, sà."

"Kó wọn kúrò lójú sàréè."

Mo kó wọn. Ọkọ́ àkọ́kọ́ balẹ̀ níbi tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀.

Kóòṣì pè mí. "Níbo lo wà? Wọ́n ti ń pe orúkọ!" Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Wò ó, màá bá ọ bẹ̀ wọ́n. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa palẹ̀ mọ́. Bó o bá lè dé kó tó tó bẹ́ẹ̀..."

Mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Misbaudeen. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lẹ́yìn ìrun Àìlà la máa sìn wọ́n?"

"Muhydeen ò tíì dé Ìsẹ́yìn. Áfà ní a lè dúró di Alaasari. Kí ló dé? Ṣé ìwọ lo fẹ́ kírun sí wọn lára ni?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Mo ń pọn omi. Wọ́n kí Àìlà tán, oòrùn sì ń yí. Ìyá mi fà mí sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Òkú ò ní jí bó o bá dúró," ni wọ́n wí. "Wọ bàtà rẹ. Gba ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní mo rán ọ níṣẹ́."

Mo wọ bàtà bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kí n má baà fi àkókò ṣòfò tí mo bá dé pápá. Mo sáré já sí títì, mo na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan, ó sì dúró. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé e, ọkọ̀ kan tí erùpẹ̀ bò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Muhydeen ló sọ̀ kalẹ̀.

"Mujeebat! Ìwọ lo bá mi tọ́jú bàbá mi." Ó dì mọ́ mi, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó sì di ọwọ́ mi mú. "Mú mi lọ. Mi ò lè dá wọlé."

"Àǹtí, ṣé ẹ ń lọ àbí ẹ ò lọ?" ni ọlọ́kadà wí.

Mo gbìyànjú láti tú ọwọ́ mi sílẹ̀, díẹ̀ ni mo gbìyànjú. Ó tún dì í mú. Ọlọ́kadà pòṣé, ó lọ.

Mo mú Bọ̀ọ̀dá Muhydeen wọlé. Ó ń bi mí léèrè bóyá Bàbá jẹun lálẹ́ àná, bóyá wọ́n sùn dáadáa, bóyá wọ́n pe orúkọ òun. Mo ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì fẹ́ ṣi ọ̀kankan sọ. Fóònù dún lápò mi, ó dún pẹ́, ó sì dákẹ́.

A dé ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Ó tẹrí ba, ó sì rí ẹsẹ̀ mi.

"Bàtà bọ́ọ̀lù nìyẹn. Bàbá sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ wá yàn yín. Ọjọ́ wo ni?"

"Òní ni, sà."

Ó wo ojú oòrùn, ó sì wò mí. Wọ́n ń pe ìrun Alaasari. Mo lọ bu omi àlùwàlá wá fún un.