Òórùn Inú Ìrọ̀rí

Bernice kò bá ọkọ rẹ̀ jà kó tó lọ. Ó kàn kó aṣọ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ màmá òun ní Èbúté Mẹ́ta, ọjọ́ tí òórùn sìgá bá kúrò nílé ni kí wọ́n wá pe òun. Oyún tí àwọn méjèèjì ti ń fojú sọ́nà fún láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló wà nínú rẹ̀, oúnjẹ kì í sì í dúró níkùn rẹ̀ tó bá ti gbóòórùn èéfín. Gbádégẹṣin dúró ní fàráńdà fúláàtì wọn ní Festac, ó ń wo takisí tó gbé e lọ, ó sì ṣáná sí sìgá. Ẹ wo ayé ọkùnrin!

Akọ̀wé ìjọba ni. Nígbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún Festac tí wọ́n tìtorí wọn kọ́ àwọn ilé náà lọ tán, tí ìjọba ń fi ìbò pín ilé fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ wà lára àwọn tó jáde. Kò tíì mọ ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò. Ẹni tó rí bá sọ̀rọ̀ ni Adésànyà, ọmọ onílẹ̀ Kuje, abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac, káfíńtà tó ń bá wọn kan ibùsùn ọmọ nínú yàrá kejì. Sìgá ló sọ wọ́n dọ̀rẹ́. Adésànyà a fi òòlù sílẹ̀, wọn a jọ dúró ní fàráńdà, wọn a sì máa tú èéfín sáfẹ́fẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé nǹkan kan fún mi," Gbádégẹṣin ní. "Tẹ́ ẹ bá ń gbààwẹ̀, ẹ kì í fa sìgá látàárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ibo ni ìfẹ́ ẹ̀ máa ń wà lójú ọ̀sán?"

Adésànyà fọwọ́ họrí. Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Tí mo bá ti dá àníyàn ààwẹ̀ láàárọ̀, ó ti parí nìyẹn. Mi ò ní bá ara mi jiyàn mọ́. Àmọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, há! Màá fà á bí ẹni tó ń gbẹ̀san."

"Tó bá ṣeé ṣe lọ́sàn-án, kí ló dé tí ò ní ṣeé ṣe lálẹ́?"

Adésànyà gbọn eérú sìgá ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ìyẹn lèmi náà ò mọ̀. Ààwẹ̀ ti dé tán. Àbúrò, jẹ́ ká jọ dán an wò, tọ̀sán-tòru. Ikọ́ mi yìí náà ti sú Ṣẹ̀fíátù ìyàwó mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbádégẹṣin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kò gbààwẹ̀ oúnjẹ, ti sìgá nìkan ló gbà, ṣùgbọ́n ó ń tètè jí kó lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá àníyàn ní ìdájí. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, Kuje ló ń lọ. Kí wọ́n tó ṣínu, oníkálukú á na ìka sí ìkejì pé kó gbóòórùn rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó Adésànyà, tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Adití méjì ń bi ara wọn bóyá òjò ń rọ̀. Ẹ̀yin timú yín ti kú!"

Kò rọrùn rárá. Gbádégẹṣin ń bínú sí gbogbo èèyàn ní ọ́fíìsì, ó ń jẹ orógbó bí ẹni ń jẹ àgbàdo. Lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ Mazamaza, ó ti ra sìgá, ó ti fi sẹ́nu, bó ṣe gbójú sókè, Adésànyà ló rí.  Ìyẹn yọ sìgá náà lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ra ẹ̀pà fún un, ó sì bá a rìn délé.

Nígbà tó yá, nǹkan ìyanu kan ṣẹlẹ̀. Gbádégẹṣin ń lọ sí Kuje, kò tíì dé kọ̀rọ̀ ilé Adésànyà tó fi gbóòórùn àkàrà. Ó dúró. Ó gbóòórùn àlùbọ́sà lọ́tọ̀, ata lọ́tọ̀, òórùn omi ọ̀sà náà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ṣé bó ṣe ti ń rí látọjọ́ yìí nìyí? Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí kò gbé símú: pẹ́ńsùlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ilẹ̀ tí òjò pa, pákó ibùsùn ọmọ. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé.

Àfi bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, tó ṣílẹ̀kùn, tí òórùn sìgá kọ lù ú. Kọ́kọ́rọ́ ilé kò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn àyàfi Adésànyà tó ń wọlé wá kan ibùsùn. Inú bí i. Ó sáré lọ sí Kuje, ó bá a níbi tó ti ń ṣàlùwàlá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tàn mí jẹ! Ẹ̀ ń fa sìgá nílé mi, ẹ wá ń na ọwọ́ tẹ́ ẹ ti fọ̀ sí mi!"

Búùtà dúró lọ́wọ́ Adésànyà. "Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀," ó ní. "Mi ò ní bá ẹ jà." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Gbádégẹṣin padà sílé láti wá ẹ̀rí. Kò rí eérú, kò rí àjákù sìgá. Ló bá ń tẹ̀ lé imú rẹ̀. Imú mú un dé ara kọ́tìnì, ó mú un dé tìmùtìmù àga, ó mú un dé ara kóòtù òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Níkẹyìn, ó mú un wọ yàrá, títí dórí ìrọ̀rí Bernice. Ó ki ojú bọ̀ ọ́, ó sì tètè gbé e kúrò. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń gbórí lé láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ nìyí, kò sì ráhùn títí oyún fi dé. Ojú tì í débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Ó gbé ìrọ̀rí náà lọ sí Kuje. Wọ́n ti ṣínu tán.

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Adésànyà gbé e símú, ó wúkọ́. "Ta ló ń sùn lórí eléyìí?"

"Ìyàwó mi. Ẹ forí jì mí. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, imú mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí."

 Adésànyà ṣí fìlà tirẹ̀, ó gbé e símú, ó yíjú sí Ṣẹ̀fíátù. "Ìwọ, ṣé bí mo ṣe ń rùn nìyí?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè!" ni Ṣẹ̀fíátù wí.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì ló jọ fọ kọ́tìnì, tí wọ́n jọ sá tìmùtìmù sóòrùn, tí gbogbo búlọ́ọ̀kù ń fi wọ́n ṣe ìran wò. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Gbádégẹṣin ránṣẹ́ pe Bernice, ó sì dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú, ó tún un fà.

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan," ó ní, ó sì gbé báàgì sílẹ̀.

Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé báàgì náà, bó ṣe ń nàró, imú rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ìyàwó rẹ̀.

"Kí lo fi para?"

"Àdí àgbọn ni."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í fi para?"

Bernice wò ó tìyanu-tìyanu. "Kí n tó fẹ́ yín ni."

 Gbádégẹṣin tún sún mọ́ ọn, ó rọra fa imú.