Kámẹ́rà Tí Kò Gbóhùn

Kámẹ́rà kẹta rèé lọ́wọ́ Tomoe, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti ń làágùn lórí bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo iwájú, ó yí i síwá-sẹ́yìn. Kò rí ohun tó lè fi mọ̀ bóyá nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí ó kàn ń wò ó níran. Ó tún un tẹ̀. Bóyá ó ti pa á báyìí, kò mọ̀.

"Ó dún nígbà àkọ́kọ́," ni Akiho, ọmọ rẹ̀, fi ọwọ́ sọ fún un. "Ó tún dún báyìí."

Dídún yẹn gan-an ni wàhálà. Adití ni Tomoe, adití sì ni Ryohei ọkọ rẹ̀; Akiho, ọmọ ọdún mẹ́fà, nìkan ló ń gbọ́ràn nínú ilé wọn. Lọ́dún tó kọjá, Tomoe yá kámẹ́rà aládùúgbò lọ síbi eré ìje ọmọléèwé. Kámẹ́rà yẹn a máa ké tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwòrán, a tún ké tó bá dúró, ẹni tó ni ín kò sì ronú pé ó yẹ kóun sọ ọ́. Tomoe rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀, ló bá tún un tẹ̀. Nígbà tí Ryohei ti Imabari dé, níbi tó ti ń kan ọkọ̀ òkun, tó jókòó kó wo bí ọmọ òun ṣe sáré, koríko ló rí, àti bàtà ìyàwó rẹ̀, àti koríko sí i. Kò bínú. Ó wo koríko náà dópin, ó ní bàtà náà dára. Ì bá sàn fún Tomoe ká ní ó bínú.

Àwọn àgbà ní nítorí adití ni òjò ṣe ń ṣú, nítorí afọ́jú ló ṣe ń kù. Ẹni tó dá òjò rántí gbogbo èèyàn. Ẹni tó ṣe kámẹ́rà kò rántí Tomoe.

Lọ́la ni Akiho máa kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba ìwé ẹ̀rí, á kọjú sáwọn òbí rẹ̀, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ làwọn ìyá ti máa ń sunkún. Ryohei kò ní lè wá, torí ọ̀la náà ni wọ́n máa ti ọkọ̀ ńlá kan wọ omi. Tomoe ti ṣèlérí fún un pé ní tọ̀tẹ̀ yìí, kò ní rí koríko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Gbogbo bọ́tìnnì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù yìí ló ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀gbẹ́ni Miyawaki tó ni ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ àsìkò tí igi kédárì ń tú eruku tó ń mú èèyàn sín ni, ó sì ti fi ìbòmú bo timú tẹnu. Tomoe tó máa ń wo ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn kò rẹ́nu wò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i, ó ṣí i lóòótọ́, ó sín sórí ọjà rẹ̀, ó tún sín, ó tọrọ àforíjì, ó sì bò ó padà. Bí Akiho ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Ọkùnrin náà ń ka àǹfààní: èyí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ni, èyí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n, tọ̀hún ń ya fọ́tò. Ọmọ náà ń gbé e wá díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fo ibi tí kò bá yé e. Ohun kan ṣoṣo ni Tomoe ń béèrè: báwo lòun á ṣe mọ̀ pé ó ń ká a?

Ọ̀gbẹ́ni Miyawaki ronú sí i, ó wọlé, ó sì gbé kámẹ́rà funfun kékeré kan jáde. Bọ́tìnnì ńlá kan péré ló ní. Bí Tomoe ṣe tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn níwájú, ìlà pupa sì yí gbogbo gíláàsì ká. Ọmọdé jòjòló á mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tiẹ̀ tó ìdajì ti àwọn yòókù, ìyẹn ló jẹ́ kí Tomoe tún fura.

"Ó ní kò gbóhùn," Akiho fi ọwọ́ sọ. "Ibi tó fi ń gbọ́ràn ti bàjẹ́. Ó ní ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn."

Tomoe rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀. "Sọ fún wọn pé bí àwa náà ṣe rí nìyẹn. A ti bá ara wa mu. Kí wọ́n bá mi dì í."

Akiho kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó sì wolẹ̀. Tomoe rí i, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni, kò fẹ́ kí ohunkóhun tún dà á rú. Ó tẹ̀ lé Ọ̀gbẹ́ni Miyawaki lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó. Nígbà tó máa wẹ̀yìn, kò rí Akiho mọ́.

Ó wo ẹ̀yìn àwọn fìríìjì àlòkù, ó wo àárín àwọn kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí ń ṣí fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti sún mọ́ ọn, títì ńlá ló sì wà níwájú rẹ̀. Ìyá mìíràn á ti kígbe. Tomoe náà lóhùn. Ohùn náà ló fi ń pe Akiho wá jẹun nílé. Ṣùgbọ́n kò lò ó níta mọ́ láti ìgbà ọmọge, nígbà tó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀, táwọn ọmọkùnrin kan ń wọ́ ẹnu, tí wọ́n ń sín in jẹ títí ọkọ̀ fi dé. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó rí i.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Tomoe la ẹnu, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Gbogbo èèyàn inú ṣọ́ọ̀bù ló yíjú sí i. Ó mọ irú ojú yẹn. Ìtìjú mú un débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ìgbà náà ni Akiho yọ láti ẹ̀yìn pẹpẹ ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kó àwọn kámẹ́rà onítéèpù tí ẹnikẹ́ni kì í rà mọ́ sí. Ó gbé ọ̀kan dání, dúdú, tó wúwo jù fún un díẹ̀. Inú bí Tomoe tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè to ọ̀rọ̀. Ọmọ náà kò tiẹ̀ wò ó. Ó ti yí téèpù padà sẹ́yìn, ó gbé etí lé ara kámẹ́rà náà, ó tún un gbọ́, ó tún un gbọ́.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Ẹ̀yin ni. Ó ń ká ohùn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀ ń pè mí."

Tomoe ní kó pa á kíákíá, pé àwọn èèyàn ń gbọ́.

"Kí ló burú níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń pè mí." Akiho gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kó lè rí ọwọ́ méjèèjì lò. "Màmá, ẹ má ra funfun yẹn. Olùkọ́ wa ní ká fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé ẹ̀rí mú lọ́la. Mi ò ní lè fọwọ́ sọ nǹkan kan. Ẹnu nìkan ni màá fi sọ ọ́."

Ojoojúmọ́ ni Tomoe ń rí ọmọ náà níwájú dígí balùwẹ̀, tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé. Orin ló rò pé ó ń kọ. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ọpẹ́ òun àti Ryohei ni ọmọ náà ń kọ́ sórí níbẹ̀, àti pé ohùn nìkan ló máa gbé e. Bí òun bá ra funfun yẹn, ọmọ tó ń la ẹnu lásán ni yóò kù nínú rẹ̀. Òun àti ọkọ òun lè fara mọ́ ọn, torí Akiho á tún fi ọwọ́ sọ ọ́ fún wọn nílé. Ṣùgbọ́n Akiho á dàgbà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà á fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀rù rẹ̀ padà. Ó gba kámẹ́rà dúdú náà, ó wá iná pupa, kò sí. Lọ́la, Akiho ò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti sọ fún un pé ó ti dún. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó dúró, ló bá mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òun. Ó tún un tẹ̀, ìrìn náà dáwọ́ dúró. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún ń rìn. Téèpù ló ń yí nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Miyawaki fúnra rẹ̀ gbà pé àbùkù kámẹ́rà náà nìyẹn, pé ariwo inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ káwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Iye tó pè é kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti funfun lọ, ó sì fi téèpù mélòó kan ṣe ènì.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sí i, ká dán an wò," ni Akiho wí.

"Níbí?"

"Níbí ni."

Àwọn kan ṣì ń jí wọn wò láàárín àwọn pẹpẹ. Tomoe kọ ojú kámẹ́rà náà sí ọmọ rẹ̀, ó dúró títí ó fi ń rìn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì fi ẹnu sọ pé, "Akiho, máa bọ̀." Kò mọ bó ṣe dún, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Ó gbé e fún ọmọ náà, ó ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bó ṣe gbé etí lé e. Ó ń wá ẹnu tó máa wọ́. Ó ń wá ojú tó máa sá.

Akiho gbọ́ ọ tán, kò ṣe ojú kankan. Ó kàn gbé ẹsẹ̀, ó rìn wá bá ìyá rẹ̀, ó fara tì í bí ó ti máa ń ṣe nílé tí oúnjẹ bá délẹ̀. Tomoe gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó wá hàn sí i pé ohùn tí òun ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí nìkan ni ohùn ìyá tí ọmọ yìí mọ̀.